Ṣé kí n wó kóòdù tí mo jogún palẹ̀, kí n tún un kọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Yaba ni mo wà, ọdún kejì mi níbẹ̀ rèé. Áàpù wa ni àwọn oníṣòwò kan ní Balógun àti Ìdúmọ̀tà fi ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà. Bọ̀dá tó kọ ọ́ ti já lọ sí Kánádà, wọn ò sì fi àkọsílẹ̀ kankan sílẹ̀. Kóòdù náà rí jágajàga, test ẹyọ kan (kóòdù tó ń dán kóòdù wò) kò sí nínú rẹ̀. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, owó kan náà máa ń wọ àpò oníṣòwò lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá nírọ̀lẹ́ Sátidé. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé kí wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́ta kí n tún gbogbo rẹ̀ kọ. Wọ́n ní àwọn máa rò ó, ṣùgbọ́n nǹkan tuntun ni wọ́n ń béèrè lójoojúmọ́. Ṣé kí n tẹnu mọ́ ọn ni, àbí kí n kúkú wá iṣẹ́ mìíràn?

Àbúrò, kú iṣẹ́, kú ìlàkàkà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta lo dì sínú ìbéèrè kan: owó tó ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì, kóòdù tí kò wù ọ́, àti iṣẹ́ tó ti fẹ́ sú ọ. Owó la ó kọ́kọ́ mú, torí a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí ọ̀gá rẹ tilẹ̀ fún ọ ní oṣù mẹ́ta náà lónìí, kóòdù àtijọ́ yìí náà ni yóò ṣì máa gbowó fún àwọn ará Balógun ní gbogbo Sátidé méjìlá tàbí mẹ́tàlá tó wà láàrin.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí o mẹ́nu bà yẹn ló tú àṣírí. Bí oníbàárà bá sanwó tán, ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín gba owó náà á fi ìròyìn ránṣẹ́ sí server yín, kọ̀ǹpútà tó ń gbé áàpù yín. Òun ni webhook. Wọ́n á máa retí kí server yín fi 200, àmì pé iṣẹ́ ti dé, dá wọn lóhùn kíákíá. Bí ìdáhùn bá pẹ́, wọ́n á gbà pé iṣẹ́ tí wọ́n rán kò dé, wọ́n á tún un rán. Má bínú sí wọn. Ẹni tó bá ń jẹ́ iṣẹ́ owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí kò bá gbà kí iṣẹ́ náà ṣèèṣì dé lẹ́ẹ̀mejì, á gbà kó ṣèèṣì má dé rárá, kò sì sí oníṣòwò tó máa fara mọ́ ìyẹn. Kóòdù tí wọ́n fi ìkánjú kọ sábà máa ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tán kó tó dáhùn: á fi owó kún àpò, á fi SMS ránṣẹ́ sí ìyá oníléèsì, á fi ímeèlì ránṣẹ́ sí oníbàárà, ìgbà yẹn ni yóò tó sọ pé 200. Nírọ̀lẹ́ Sátidé tí ọjà kún, SMS á máa lọ́ra, ìdáhùn á pẹ́, ìròyìn kejì á sì dé nígbà tí èkíní kò tíì parí.

Wàá ní kóòdù náà ṣáà ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó ọ̀hún ti wọlé tẹ́lẹ̀. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fojú inú wo ọmọ iṣẹ́ méjì nínú ṣọ́ọ̀bù kan, ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lórí káńtà. Oníbàárà kan rán èèyàn méjì wá gba ṣéńjì kan náà. Ọmọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ wo ìwé, kò rí àmì pé wọ́n ti san án. Kó tó mú bírò, èkejì ti yọjú wo ìwé kan náà, òun náà kò rí àmì. Àwọn méjèèjì sanwó, àwọn méjèèjì sì wá fàmì sí i. Àlàfo tó wà láàrin ìgbà tí wọ́n wo ìwé àti ìgbà tí wọ́n fàmì sí i ni owó gbà jáde. Fífi `if` mìíràn (àyẹ̀wò "bí ó bá rí báyìí") kún kóòdù kò lè dí àlàfo náà, torí `if` náà wíwo ìwé ni. Database, ibi tí áàpù ń kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí, ló lè dí i, nítorí òun nìkan ló lè wo ìwé kó sì fàmì sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Báyìí ni kí o ṣe é. Dá table (àtẹ àkọsílẹ̀) tuntun kan sílẹ̀ nínú database, pè é ní `processed_events`. Kí primary key rẹ̀, ìyẹn ohun tí kò gbọdọ̀ wọ table náà lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́ nǹkan mẹ́ta pa pọ̀: orúkọ ilé-iṣẹ́ tó gba owó, irú ìròyìn tó dé, àti nọ́ńbà reference tí wọ́n fi ń dá owó kọ̀ọ̀kan mọ̀. Bí o bá fi reference nìkan ṣe é, lọ́jọ́ tí ẹ bá fi ilé-iṣẹ́ ìgbowó kejì kún un, reference méjì lè bára mu. Yàtọ̀ sí ìyẹn, owó tí a dá padà fún oníbàárà lè gbé reference owó àkọ́kọ́ dání. Table náà á dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, wàá sì máa wá ibi tó gbà lọ.

Bí webhook bá dé, ìfọwọ́sí rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ẹnikẹ́ni tó bá mọ àdírẹ́sì yẹn lè kọ̀wé sí yín pé òun ti sanwó. HMAC, ìṣírò tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Orí body, ọ̀rọ̀ inú webhook gan-an bó ṣe dé, ni kí o ti ṣírò rẹ̀, kí framework (irinṣẹ́ tí ẹ fi kọ áàpù) tó tú JSON inú rẹ̀. Àlàfo kan tó bá yí padà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìfọwọ́sí kò ní bára mu mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi odindi ọjọ́ kan ṣòfò síbẹ̀, wọ́n á ní kọ́kọ́rọ́ ni kò tọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ṣí transaction (àkójọ iṣẹ́ tí gbogbo rẹ̀ máa wọlé pọ̀ tàbí kí ọ̀kankan má wọlé), kọ row (ìlà àkọsílẹ̀) tuntun sínú `processed_events`. Bí database bá ní ó ti wà níbẹ̀, pa transaction náà dé, dáhùn 200, kí o má ṣe ohunkóhun mọ́. Kíyè sí i, 200 ni o, kì í ṣe 400. Bí o bá dá wọn lóhùn pé àṣìṣe ni, wọ́n á tún máa rán an wá ni.

Bí database bá gbà á, inú transaction kan náà ni kí o ti fi owó kún àpò:

`UPDATE wallets SET balance = balance + 500000 WHERE id = 17`

Jẹ́ kí database fúnra rẹ̀ ṣe ìròpọ̀ náà. Bí kóòdù bá ń gbé iye owó jáde, tó ń rò ó, tó wá ń dá a padà, owó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó bá dé pọ̀ á pa ara wọn rẹ́, ọ̀kan á sì sọnù. (Ìyẹn lè ti máa ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé o mọ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ dín á pè yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí tirẹ̀ lé kì í sábà pè.) Wò ó pé row kan ṣoṣo ló yí padà, bó bá jẹ́ òdo, fagi lé gbogbo transaction náà, má sì dáhùn 200, kí ìròyìn náà lè tún wá. Ìgbà tí transaction bá parí ni kí o dáhùn 200. Ní ti SMS àti ímeèlì, kọ wọ́n sínú queue (ìlà iṣẹ́ tó ń dúró) kí ètò mìíràn máa rán wọn ní ìrọ̀rùn rẹ̀.

500000 tí mo kọ sókè yẹn, kọ́bọ̀ ni. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ló jẹ́. Bó bá jẹ́ náírà pẹ̀lú ẹsẹ̀ (bíi 19.99) ni bọ̀dá yín fi ń kọ owó sílẹ̀, àléébù mìíràn nìyẹn. Lọ tẹ `19.99 * 100` sínú JavaScript, 1998.9999999999998 ni yóò fún ọ, kóòdù tó bá sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù á gba 1998. Kọ́bọ̀ kan ti lọ. Wo irú column tó wà nínú database pẹ̀lú: INTEGER, column fún nọ́ńbà odidi nínú database tí wọ́n ń pè ní PostgreSQL, kò lè kọjá 2,147,483,647. Lójú ẹni tó ń ka náírà, ìyẹn pọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ kọ́bọ̀, mílíọ̀nù mọ́kànlélógún náírà àti díẹ̀ ni, ẹni tó ń ta léèsì ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ní Balógun lè pa iye yẹn wọlé kí Kérésì tó dé. BIGINT, tó ń gba nọ́ńbà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni kí o lò.

Kí kóòdù tuntun yìí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó gbogbo reference àtijọ́ sínú table tuntun náà. Àwọn tó ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì á fẹ́ dí ọ lọ́wọ́, `ON CONFLICT DO NOTHING` á fo wọ́n. Má sì tíì yọ àyẹ̀wò àtijọ́ kúrò fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí àwọn owó tó bá wọlé láàrin ìgbà tí o kó reference àti ìgbà tí o tan kóòdù tuntun kò sí nínú table rẹ. Nígbà tí o bá ń dán an wò, má ṣe rán webhook kan tán kí o tó rán èkejì. Ìyẹn kò fi ohunkóhun hàn. Rán ẹyọ kan náà nígbà ogún lẹ́ẹ̀kan náà, `xargs -P 20` pẹ̀lú `curl` tó fún ìyẹn, kí o wá wo iye tó wà nínú àpò.

Ó ku owó tó ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì sẹ́yìn. Query (ìbéèrè sí database) yìí á ka wọ́n fún ọ:

`SELECT reference, COUNT(*) FROM payments WHERE status = 'success' GROUP BY reference HAVING COUNT(*) > 1`

Fi ìwọlé tó lè kà nìkan, tí kò lè yí nǹkan padà, ṣe é, kí o má sì ṣe gbé odindi database wá sórí láptọ́ọ̀pù rẹ torí pé iná lọ tàbí torí pé íntánẹ́ẹ̀tì ń fà. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù èèyàn ló wà níbẹ̀, òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà ọdún 2023 sì mú un. Bí o bá rí wọn tán, má pa row kankan rẹ́. Kọ row tuntun tó yọ owó náà, tó sì sọ ìdí rẹ̀, kí ẹni tó bá wo ìwé lọ́dún tó ń bọ̀ lè rí bó ṣe wọlé àti bó ṣe jáde. Àmọ́ kí row yẹn tó dé, kí ẹnì kan pe oníṣòwò náà. Ẹni tí owó lé fún ní oṣù méjì sẹ́yìn ti fi ra ọjà, bí o bá kàn yọ ọ́ lójijì tí àpò rẹ̀ sọ pé ó jẹ gbèsè, gbogbo laini ṣọ́ọ̀bù yẹn ni yóò gbọ́ kó tó di ọ̀sán. Ọ̀gá àti akáńtáǹtì ló yẹ kó pinnu bóyá ẹ ó gbà á díẹ̀díẹ̀ tàbí ẹ ó fi sílẹ̀. Kì í ṣe ìwọ.

Ní ti àtúnkọ, mi ò fara mọ́ ọn. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Kóòdù jágajàga yẹn, aṣọ alábùlẹ̀ ni, àbùlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọjọ́ tí ibẹ̀ ya. O lè rí ìlà kan tó ń gé òdo iwájú nọ́ńbà fóònù kúrò, tó ń fi 234 sí i. Kò jọ nǹkan, àfi ìgbà tí o bá rántí pé oníbàárà kan náà lè kọ 0803 lónìí, +234803 lọ́la, 234803 lọ́tùnla, tí database á sì kà á sí èèyàn mẹ́ta. O lè rí `normalize('NFC')`, àṣẹ tó ń sọ onírúurú ọ̀nà ìkọ lẹ́tà kan náà di ọ̀kan, níbì kan kí o rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Yorùbá ni tiwa: lẹ́tà ọ lè jẹ́ ẹyọ kan, U+1ECD, ó sì lè jẹ́ o lásán tí àmì ìsàlẹ̀, U+0323, tẹ̀ lé. Ojú wa kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kọ̀ǹpútà kò sì ní gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n bí àṣẹ yẹn kò bá sí. Adéọlá tó fi fóònù kan forúkọ sílẹ̀, tó wá fi òmíràn wá orúkọ rẹ̀, kò ní rí i. Pa ìlà yẹn rẹ́ wò, ìpè á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Netscape, ilé-iṣẹ́ tó ni browser tó gbajúmọ̀ nígbà kan, gbìyànjú ohun tí o fẹ́ ṣe yìí. Ní 1998 wọ́n pinnu láti pa kóòdù browser wọn tì, kí wọ́n kọ ọ́ lọ́tun. Version 5 kò jáde rárá. Ìparí ọdún 2000 ni version 6 tó dé, àléébù sì kún ara rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn Microsoft ń fi Internet Explorer kó àwọn èèyàn wọn lọ. Netscape lówó, wọ́n sì lọ́gbọ́n. Ìwọ nìkan lo wà ní Yaba.

Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kí o máa pààrọ̀. Kó bí ọgbọ̀n webhook tó ti dé rí, bo orúkọ àti nọ́ńbà inú wọn, gbé wọn gba inú kóòdù àtijọ́ kọjá, kí o sì kọ ohun tó bá jáde sílẹ̀, àti èyí tó dára àti èyí tó burú. Test rẹ nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pariwo bí ohunkóhun bá yí padà láìjẹ́ pé o fẹ́ kó yí padà. Lọ́jọ́ tí o bá ń tún kóòdù tò, má ṣe tún àṣìṣe ṣe nínú commit kan náà (àkọsílẹ̀ àyípadà nínú Git, tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù). Bí nǹkan bá bàjẹ́, o kò ní mọ èyí tó fà á. Bí ìlà kan bá rú ọ lójú, `git log -S` pẹ̀lú ọ̀rọ̀ inú ìlà náà á fi ọjọ́ tó wọlé hàn ọ́, àti ohun tó bá a wọlé. Bí àlàyé commit náà bá jẹ́ "fix" lásán, ọjọ́ yẹn ṣì wúlò: lọ wo ohun tí àwọn oníbàárà ń ráhùn lé lórí lọ́sẹ̀ náà.

Bí ọwọ́ bá ń yún ọ láti kọ nǹkan tuntun, bẹ̀rẹ̀ láti etí. Ìròyìn ìparí oṣù dára fún ìyẹn, torí kíkà ló ń kà, kì í fọwọ́ kan owó. Kọ tuntun, jẹ́ kó máa bá ti àtijọ́ rìn fún oṣù kan, kí o fi wọ́n wéra láràárọ̀. Mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ibi tí wọ́n ti máa yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ server ń ka àkókò ní UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, Èkó sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀ tọdún-tọdún, a kì í yí aago padà bíi ti àwọn òyìnbó. Owó tó wọlé ní aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú òru ọjọ́ kìíní oṣù ní Ìdúmọ̀tà, oṣù tó kọjá ni server kà á sí.

Àárọ̀ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ni kí o máa gbé kóòdù jáde, nígbà tí èèyàn ṣì wà ní ọ́fíìsì, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Bí server yín bá ju ẹyọ kan lọ, wò ó pé gbogbo wọn ló gba tuntun. Lọ́dún 2012, ilé-iṣẹ́ Knight Capital ní Amẹ́ríkà, tó ń ṣòwò ìpín ìdókòwò, gbé kóòdù sórí server méje nínú mẹ́jọ. Kóòdù kan tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ láti ọdún pípẹ́ jí dìde lórí ìkẹjọ lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ó sì ń ra ìpín ìdókòwò, ó ń tà á. Láàrin ìṣẹ́jú 45 ó ti jẹ wọ́n ní ohun tó ju mílíọ̀nù 400 dọ́là lọ. Kóòdù tó bá ti kú nínú tiyín, yọ ọ́ kúrò. Git ń bá ọ tọ́jú rẹ̀.

Wàyí o, ọ̀gá rẹ. Wọn kì í rí kóòdù, owó àti oníbàárà ni wọ́n ń rí. Bí o bá ní "kóòdù yìí kò dáa, oṣù mẹ́ta ni mo fẹ́", létí wọn ó dà bíi bíríkìlà tó dé, tó ní ilé tí ẹlòmíràn kọ́ kò dáa. Mú ojú ìwé kan lọ: iye reference tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì, àpapọ̀ rẹ̀ ní náírà, iye oníṣòwò tó kàn, àti pé ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wàá fi dí i. Má ṣe sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn nínú ìpàdé. Lọ bá wọn ṣáájú, kí wọ́n lè jẹ́ ẹni tó máa mú ọ̀rọ̀ náà wá síwájú ìpàdé fúnra wọn. Bí wọ́n bá sì béèrè pé ṣé ohun tuntun náà máa parí lọ́jọ́ Jímọ̀, "yes sà" kì í ṣe ìdáhùn bí o bá mọ̀ pé kò ní parí. Ọ́fíìsì wa kún fún "yes sà" tó di àbámọ̀ ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Dárúkọ ọjọ́ méjì: èyí tó máa rí bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ìdíwọ́, àti èyí tó máa jẹ́ bí ohun báyìí-báyìí bá ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kọ ohun tí ẹ fẹnu kò lé lórí ránṣẹ́ sí wọn ní ìlà mẹ́ta, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Má tọrọ oṣù àtúnṣe mọ́. Ibikíbi tí ohun tuntun bá gbé ọ dé nínú kóòdù, fi test sílẹ̀ níbẹ̀ kí o tó kúrò.

Bọ̀dá Kánádà ńkọ́? Má bú wọn lójú ẹnikẹ́ni. O kò mọ ọjọ́ mélòó tí wọ́n fún wọn láti fi kọ ọ́. Kí wọn dáadáa lórí WhatsApp, kí o bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta péré, torí ẹni tó ti lọ kì í dáhùn mẹ́wàá. Apá ibo nínú kóòdù ni àwọn fúnra wọn máa ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn? Àwọn iṣẹ́ wo ló ń bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn lóru, orí server wo ni wọ́n sì wà? Orúkọ ta ni domain (àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì), server àti àwọn kọ́kọ́rọ́ ilé-iṣẹ́ ìgbowó wà lórí rẹ̀? Ti ìkẹta yìí ni kí o parí lọ́sẹ̀ yìí gan-an. Ó wọ́pọ̀ kí domain odindi ilé-iṣẹ́ wà lórí ímeèlì ẹni tó ti lọ, kí káàdì tó ń san owó server jẹ́ tirẹ̀, kí nọ́ńbà tí wọ́n ń fi kóòdù ìwọlé ránṣẹ́ sí jẹ́ SIM tó ti kú. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sórí ímeèlì ilé-iṣẹ́, kí èèyàn méjì lè wọlé, ó kéré tán.

Ní ti iṣẹ́ mìíràn, o lè wá a, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n má wá a nítorí kóòdù jágajàga, wàá bá òmíràn níbi tí o ń lọ. Bí ọ̀gá bá rí ojú ìwé yẹn, pẹ̀lú iye owó tó wà lórí rẹ̀, tí wọ́n ṣì ní kí o gbàgbé ẹ̀, ìyẹn ni ìdí tó tó láti lọ. Bí wọ́n bá jẹ́ kí o dí i, ohun kan ti wà tí o lè sọ níbi tí wọ́n bá ti ń fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò: ohun tó bàjẹ́, bí o ṣe mọ ìdí rẹ̀, bí o ṣe dán àtúnṣe wò. Má dárúkọ oníṣòwò, má dárúkọ iye owó ilé-iṣẹ́. Ọjọ́ yòówù kí o lọ, dáhùn ìbéèrè mẹ́ta tí o bi bọ̀dá Kánádà sínú fáìlì kan, kí o fi sínú kóòdù náà, kí ẹni tó máa jogún rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ má baà tún kọ̀wé sí mi.